Bí Mo Ṣe Lọ Tún Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Onípákó Ṣe ní Gílásígò

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, nítorí ó ti kárí Ẹdẹ, mo sì gbọ́ pé ó ti dé Sẹ̀kọ̀nà: mi ò lọ sí òṣùpá. Mi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Gílásígò ni mo lọ, ní ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bíi pé ẹnì kan gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi pa. Ọkọ̀ tí mo lọ tún ṣe, pákó ni wọ́n fi kàn án, kò sì fò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án.

Pásítọ̀ wa ló fa gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìn-àjò mi, wọ́n dìde níwájú ìjọ, wọ́n ní, “Arákùnrin wa Èsékíẹ́lì, rìpẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ń lọ sí Òkè-Òkun láti lọ tún ọkọ̀ tó ń lọ sínú ìràwọ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.” Mo nawọ́ sókè kí n lè ṣàlàyé, àwọn èèyàn rò pé Ẹ̀mí ló gbé mi. Nígbà tí ìsìn parí, ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní bí mo bá ti dé òkè lọ́hùn-ún, kí n bá àwọn wo ibi tí òjò há sí, nítorí àgbàdo àwọn ní ìlú Ara ti ń gbẹ.

Ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́

Ní Òkè-Gada ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, eré Òyìnbó kan máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Orúkọ rẹ̀ gùn, àwa ní ṣọ́ọ̀bù sì sọ ọ́ ní Ọkọ̀ Onírùngbọ̀n, nítorí ọ̀gá ọkọ̀ náà ní irùngbọ̀n tó jọ ìgbálẹ̀. Òun àti èèyàn mẹ́fà, tí dókítà kan wà lára wọn, ló wà nínú ọkọ̀ kan tó ń fò láti inú ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tí wọn kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ibi tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ sí, wọ́n á bá ẹ̀dá kan pàdé níbẹ̀: àwọn aláwọ̀ ewé, àwọn olórí méjì, àwọn kan tí wọ́n jẹ́ kìkì èéfín. Ohun àkọ́kọ́ tí Onírùngbọ̀n máa ń ṣe ni pé yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, yóò kí wọn. Ìyẹn ló mú mi lọ́kàn. Ẹni tó ní irú ìbọn tí ọkùnrin yẹn ní, mi ò rò pé ó tún máa ń ráyè kí èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n wá fún ọ̀gá mi láyé ìgbà yẹn, tí mo ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti dára láti Ọjọ́rú. Mo fẹ́ fi wo eré ni. Tẹlifíṣọ̀n ìyá kan láti Awo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa nítorí pé òun nìkan ló ń fi àwọn aláwọ̀ ewé hàn bó ṣe yẹ kí wọ́n rí. Kí ìyá náà dárí jì mí.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú fóònù, mo rí i pé mi ò dá nìkan wà. Àwọn olólùfẹ́ eré náà wà káàkiri ayé, wọ́n sì ní ibì kan tí wọ́n ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti jiyàn. Ẹ ò rí àríyànjiyàn rí. Wọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́ta jà lórí bóyá àwọn aláwọ̀ ewé jàre nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ̀ náà kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Mo kó sí ìjà náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ ewé ni mo wà. Ẹni tó bá ti ní ilẹ̀ rí yóò mọ ìdí.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé àwòrán pátákó ìwakọ̀ síbẹ̀, ìyẹn pátákó gbọọrọ tí Onírùngbọ̀n máa ń dúró níwájú rẹ̀, tó kún fún iná àti àwọn nǹkan tí wọ́n ń yí. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn! Ara tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni wọ́n ti tú wọn. Èyí tí Onírùngbọ̀n ń yí tí ọkọ̀ fi ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, òun la fi ń pààrọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì. Èyí tó fi ń yìnbọn, òun la fi ń dín ohùn kù. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Mo wá fi kún un pé ẹni tó kan pátákó náà mọṣẹ́, nítorí gbogbo igun rẹ̀ ló pé, kò sì sí ìṣó kan ṣoṣo tó yọrí.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gbé mi dé Gílásígò. Káfíńtà tó kan pátákó náà ti kú, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e pamọ́ sílé. Ọdọọdún ni àwọn olólùfẹ́ eré yìí ń pàdé nílùú náà, ọdọọdún ni wọ́n ń bẹ ìyá náà pé kí ó jẹ́ káwọn fojú rí i, ọdọọdún ló ń kọ̀. Ẹnì kan wá ka ohun tí mo kọ fún un. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò tàn mọ́, ọkùnrin tó rí iṣẹ́ ọkọ òun láti ọ̀nà jíjìn ni òun fẹ́ kó wá tún un ṣe, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣí i.

Mo sọ fún ìyàwó mi, tíṣà ni wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n ní, “Ṣé ẹ ti tún tẹlifíṣọ̀n tiwa ṣe ná?”

Dídé

Ọ̀rọ̀ físà gùn, kò sì dùn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọkùnrin tó ń wo ìwé ìrìnnà ní pápákọ̀ òfurufú bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ti pinnu pé mi ò ní purọ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ní, “Mo wá tún ọkọ̀ ìràwọ̀ ṣe ni.” Ó gbórí sókè. Ó ní, “Èwo?” Mo dárúkọ eré náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra bi mí pé, “Onírùngbọ̀n ló jàre ni, àbí àwọn aláwọ̀ ewé?” Mo ní, “Àwọn aláwọ̀ ewé.” Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé mi gbàà. “Máa wọlé.”

Ọ̀gbẹ́ni Kálọ́ọ̀mù ló wá pàdé mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì wọ aṣọ pupa tó ki mọ́ra tí àwọn inú ọkọ̀ eré yẹn máa ń wọ̀, ó gbé káàdì tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ dání láàárín èrò. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo wọ agbádá ni gbogbo wọn ń wò.

Mo ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, mo sì rò pé mo gbọ́ ọ. Ti Gílásígò yàtọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ Ẹdẹ kọ́kọ́ bọ́ sí àárín àwọn tó ń sọ Èkìtì ìjìnlẹ̀: o gbọ́ ohùn, o mọ̀ pé ìbátan rẹ ni, ọ̀rọ̀ kàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ ni. Bí Kálọ́ọ̀mù bá sọ̀rọ̀, màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá mi orí. Lọ́nà yẹn ni mo fi gbà láti jẹ ohun mẹ́ta tí mi ò mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní “ẹ”, nítorí náà mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. Mo pinnu pé gbogbo ìgbà ni.

Ìwà wọn wù mí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, àgbà àti ọmọdé, ẹnikẹ́ni kì í fo ìyẹn. Bí o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ni yóò bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í kí ara wọn láàárọ̀ bí ó ti yẹ. Òjò ni wọ́n ń bára wọn sọ. “Ó ń rọ̀.” “Ó ń rọ̀ lóòótọ́.” Ó parí nìyẹn, oníkálùkù á bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Ní ti oúnjẹ, ìyàwó Kálọ́ọ̀mù gbé nǹkan kan síwájú mi tí wọ́n ń pè ní àgísì, ojú sì ń tì í bó ti ń ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀ àgùntàn ni, ọkàn rẹ̀ àti fùkù rẹ̀, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n rọ sínú àpòlúkù, tí wọ́n wá sè. Ó ní àlejò míì kì í lè jẹ ẹ́. Mo ní, “Ìyáàfin, ẹ fún mi sí i.” Mo bu ata gígún tí mo gbé láti ilé lé e lórí. Kálọ́ọ̀mù tọ́ díẹ̀ wò nínú tèmi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó dìde, ó lọ dúró nínú òjò, ó padà wọlé, ó sì tún tọ́ ọ wò.

Ilé Màmá

Ní ọjọ́ Ẹtì, Kálọ́ọ̀mù fi ọkọ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ opó káfíńtà náà. Mágírẹ́ẹ̀tì lorúkọ wọn. Wọn yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n kéré, wọ́n tín-ín-rín, ojú wọn sì mú bí abẹ́rẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣubú ni, wọ́n gbá mi mú.

Wọ́n ní, “Máàgí ni kí o máa pè mí.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gba èyí rò. Àgbàlagbà tó jù mí lọ dáadáa, kí n máa pè wọ́n ní ohun tí à ń fọ́ sínú ọbẹ̀?

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Máàgí.”

“Mo ti gbọ́, Màmá.”

Wọ́n wò mí títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣíwájú mi wọ yàrá ẹ̀yìn. Pátákó náà wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ ibùsùn bò ó. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ náà kúrò, mo sún mọ́ ọn. Mo ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, mo ní ọmọ-ọmọ, mo sì ń yí i ká bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Ó kéré ju bí mo ti rò lọ. Igi rẹ̀ ṣì ń dán. Mo fọwọ́ kan èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré. Lóòótọ́ ni, ti ṣánẹ́ẹ̀lì ni.

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà ti gbẹ, gílóòbù ti jó, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń tọ wáyà lọ ni orí mi ń dàrú. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn nǹkan tí Onírùngbọ̀n ń yí níwájú. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ àwọn yẹn mọ́ igi, wọn kò so mọ́ nǹkan kan. Gbogbo wáyà ló lọ sídìí àwọn síwíìṣì kéékèèké kan tí wọ́n tò sẹ́yìn, nísàlẹ̀, ní ibi tí kámẹ́rà kò lè dé.

Màmá gbé tíì wá. “Ṣé yóò tàn?”

“Yóò tàn, Màmá. Ṣùgbọ́n…”

“Ṣùgbọ́n kí ni?”

Mo tún bẹ̀rẹ̀ wo àwọn wáyà náà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ṣíbí ro tíì wọn. Wọ́n ní, “Bá mi sọ òótọ́. Kí lẹ rí nínú eré yìí gan-an? Pákó ni. Ọkọ mi kàn án láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó kú, ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé eré pákó àti bébà ni, kí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀rín. Mo ka ìyẹn nínú ọ̀sẹ̀ tí mo sin ín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.”

Mo sọ nǹkan kan nípa ìrìn-àjò àti ọgbọ́n orí. Kò dára tó. Èmi náà mọ̀ pé kò dára tó.

Àárín àwọn àjòjì

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ẹdẹ, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, obìnrin olójú mẹ́ta kan kí mi, ó ní, “Ọkọ̀ wo lẹ bá dé?” Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pe àjòjì, òun náà ni wọ́n fi ń pe ẹ̀dá tó ti inú ìràwọ̀ wá. Níbẹ̀, gbogbo wa ni àjòjì, a wá para pọ̀ di ará ilé. Agbádá mi, wọ́n rò pé aṣọ ọba ilẹ̀ kan tí àwọn kò tíì wò dé ni. Èèyàn mọ́kànlá ló ní kí n dúró bá àwọn ya fọ́tò.

Ọkùnrin kan tó kun ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù jókòó tì mí nígbà tí a ń jẹun. Akólòlò ni. Ó ń wakọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí. Ó fẹ́ sọ ìdí tó fi fẹ́ràn eré náà fún mi, ọ̀rọ̀ sì há sí i lẹ́nu. Mo wo àwọn tó yí wa ká. Kò sẹ́ni tó bá a parí ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó wojú aago. Wọ́n dúró dè é.

Ó ní, “Àwọn e… e… eléèéfín. Wọn ò lẹ́nu. Onírùngbọ̀n d… dúró tì wọ́n fún ọjọ́ kan gbáko, títí ó fi mọ ohun tí wọ́n ń wí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní, à… à ṣé èèyàn lè dúró.”

Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀. Mo rántí èmi náà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kì í rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ àfi tẹlifíṣọ̀n oníbàárà, tí mo ń wo àwọn èèyàn méje tí wọ́n sọnù, tí wọ́n sì ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá bá pàdé.

Ṣùgbọ́n ìṣòro mi ń pọ̀ sí i. Gbogbo èèyàn ló ń lù mí lẹ́yìn. “Ọ̀la ni o! Ọ̀la!” Lọ́jọ́ kejì, níwájú gbogbo èrò, Kálọ́ọ̀mù yóò lẹ irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, yóò yí èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré, iná yóò sì máa tàn ní ìlà dé ìlà bí ti inú eré. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ohun tó fẹ́ yí kò so mọ́ nǹkan kan. Mo lè lu ihò sí igi náà, kí n fa wáyà gba ibẹ̀. Kò ní gbà ju wákàtí méjì lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olóògbé ni, igun tó pé, tí kò sí ìṣó tó yọrí. Ọwọ́ mi kò gbé e.

Ìjókòó ẹ̀yìn

Ní ọ̀sán yẹn náà, mo ní kí Kálọ́ọ̀mù gbé mi padà sọ́dọ̀ Màmá. Mo sọ òótọ́ fún wọn: nǹkan kan kò bàjẹ́ nínú iṣẹ́ ọkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ilẹ̀, mi ò sì mọ bí iná ṣe ń tàn.

Wọ́n fa àpótí ìjókòó kékeré kan jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n gbé e sẹ́yìn pátákó náà. “Jókòó.”

Mo gbìyànjú. Orúnkún mi kọ́ igi, orí mi kọ́ òkè. Àyè yẹn kò gba èèyàn bíi tèmi. Ẹni tó kéré, tó tín-ín-rín, ni wọ́n ṣe é fún. Mo yíjú wò wọ́n.

“Màmá, ẹ̀yin ni?”

“Èmi ni.”

Wọ́n wá sọ ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ nígbà náà. Ẹni tó yẹ kó máa tan iná kò wá lọ́jọ́ kan, ọkọ wọn sì sáré wá pè wọ́n. Láti ọjọ́ náà, àwọn ló ń jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ títí eré náà fi parí, nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń yọjú láti inú ihò kan tí kò ju ẹ̀pà lọ. Ọwọ́ Onírùngbọ̀n nìkan ni ihò náà ń fi hàn. Bí ọwọ́ náà bá yí, wọ́n á tan iná. Wọn kò gbọdọ̀ wúkọ́. Wọn kò kọ orúkọ wọn sópin eré. Wọn kò sì wo eré náà rí, nítorí ní ìrọ̀lẹ́ tó máa ń wá, ibi iṣẹ́ ìfọṣọ ni wọ́n máa ń wà.

“Nísinsìnyí, o fẹ́ kí n lọ sọ fún àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ pé ìyàwó káfíńtà lórí àpótí ló ń ṣe gbogbo rẹ̀? Wọ́n á ní ẹ̀tàn ni.”

Lọ́jọ́ yẹn, mo ti ní ìdáhùn tí mi ò ní lọ́jọ́ Ẹtì. Mo sọ̀rọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ búlúù fún wọn. Mo ní, “Màmá, ọkùnrin yẹn mọ̀ pé ọ̀dà ni, ó mọ̀ pé òun máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé pákó ni. Kò sẹ́ni tí ẹ tàn jẹ. Àwọn ló fẹ́ kí ẹnì kan bá àwọn gbà á gbọ́ fún wákàtí kan, kí ayé lè tóbi ju ìwọ̀n yìí lọ. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀yin lẹ ń bá wa gbà á gbọ́, a ò kàn rí yín ni.”

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. “Ó ti ń gbọ̀n báyìí.”

“Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Kì í sáré bí ti tẹ́lẹ̀.”

Gbọ̀ngàn

Mo fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì, òjé tí à ń fi lẹ wáyà, sí àwọn wáyà náà, mo pààrọ̀ gílóòbù, a sì gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Màmá wọlé láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn, ẹnikẹ́ni kò rí wọn àfi èmi àti Kálọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan: “Ẹni tó tún un ṣe ni kó wà á.” Báyìí ni Kálọ́ọ̀mù ṣe ṣí irùngbọ̀n kúrò ní àgbọ̀n tirẹ̀, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tèmi. Ó ń yún mi bíi pé èèrà ló wà níbẹ̀.

Mo bọ́ síta nínú agbádá àti irùngbọ̀n. Gbọ̀ngàn kún, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo dúró níwájú pátákó, mo yí i.

Kò sí nǹkan kan.

Mo tún un yí. Òógùn bọ́ sí mi lójú. Mo tẹ̀ síwájú, mo rọra ní, “Màmá?”

Ohùn wọn jáde láti inú igi, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà níwájú mi sì gbé e dé gbogbo igun: “Mi ò rí ọwọ́ ẹ! Ibi tí kò yẹ lo dúró sí. Sún sí òsì!”

Ọkùnrin aláwọ̀ búlúù dìde níwájú. “T… ta ló wà níbẹ̀?”

Kò sí bí a ṣe fẹ́ bò ó mọ́. Orí funfun kékeré yọ láti ẹ̀yìn pátákó, Màmá wo èrò náà bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìyàwó káfíńtà tó kàn án ni wọ́n. Láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ló ń tan gbogbo iná yẹn. Ọwọ́ wọn ni.”

Ọkùnrin aláwọ̀ búlúù ló kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè. Obìnrin olójú mẹ́ta tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, ọwọ́ pupa, ọwọ́ ewé, ọwọ́ oníbọ̀wọ́, gbogbo wọn lókè.

Màmá fà mí láṣọ. “Kí ni wọ́n ń ṣe yẹn?”

“Wọ́n ń kí yín ni.”

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n jókòó padà. Mo sún sí òsì. Láti ẹ̀yìn igi, wọ́n gbóhùn sókè bi mí kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: “Ó yá, ọ̀gá. Níbo là ń lọ?”

Mo ní, “Ẹdẹ.”

Mo yí i. Iná ìlà kìíní tàn, ìlà kejì tẹ̀lé e, ìkẹta falẹ̀ díẹ̀, ó sì tàn, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ ìlú wa bí wọ́n ṣe lè pè é, ìyẹn ni pé wọn kò lè pè é rárá.

Fóònù

Mo ti padà sílé. Mo ti lọ kí ìyá alágbàdo, mo ṣàlàyé. Wọn kò gbà mí gbọ́, nítorí òjò ti rọ̀ ní Ara lọ́sẹ̀ tí mo lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, fóònù dún. Màmá Mágírẹ́ẹ̀tì ni. Kálọ́ọ̀mù ti gbé gbogbo eré náà fún wọn, wọ́n sì ti ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí mi ni. Ẹkún ló wà lóhùn wọn, ìbínú sì wà nínú ẹkún náà.

“Èsékíẹ́lì! Dókítà! Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà síta! Ọkọ̀ gbéra, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn!”

Mo ní, “Màmá, ẹ ní sùúrù.”

“Iná pupa ló ti ilẹ̀kùn yẹn! Èmi ni mo tàn án! Mo rántí ọjọ́ náà, mo rí ọwọ́ Onírùngbọ̀n tó yí, mo tàn án, mo sì lọ jẹun ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé dókítà wà níta!”

Mo ní, “Ẹ fetí sílẹ̀, Màmá, kò ní pẹ́ tí…”

Wọ́n figbe ta. “Má sọ fún mi! Má sọ fún mi o!” Wọ́n já fóònù mọ́ mi létí, wọ́n padà lọ wò ó.